Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Oníbàárà Máa Gbé Ife Tirẹ̀ Wá: Ènì, Ẹ̀dínwó àti Owó Ìdógò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ta sóbò, kúnù, tíì àti èso lílọ̀ ń bi mí ṣáá: "Mo ti kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n máa mú ife wá, ẹyọ ẹnì kan ò mú un wá. Kí ni kí n ṣe?" Àwọn tó ń ṣètò ìnáwó ń béèrè rẹ̀, àwọn akọ̀wé ìjọ náà ń béèrè.

Ife kọ́ ló wọ́n. Ẹ yọjú wo kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ ó bá ife ìsìnkú ìyá ẹnì kan níbẹ̀, ife ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ẹlòmíì, àti ife ìgbéyàwó tọkọtaya tí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni bí ife náà yóò ṣe jáde nílé. Kò sì ní í jáde àfi tí ẹni tó gbé e dání bá rí èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tó ń sanwó. Ẹni tó bá ń kánjú lè fo gbogbo ohun tó ṣáájú, kó lọ tààrà sí ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta. Àwọn méjèèjì ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

## Kí ẹ tó dáwọ́ lé e

Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí ná:

- Eélòó ni ife àlòsọnù kan ń ná yín gan-an? Ẹ ka ìdérí, sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá tí ẹ fi ń gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́ mọ́ ọn.
- Ṣé àwọn kan náà ló ń padà wá rajà lọ́wọ́ yín, àbí èrò ọ̀nà ni wọ́n?
- Ṣé omi tó mọ́ wà nítòsí, tó pọ̀ tó láti fọ ife?
- Ṣé ṣéńjì máa ń wà lọ́wọ́ yín?
- Ṣé ohun tí ẹ ń lò báyìí kò tako òfin? Ní January 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ àti ife fóòmù funfun. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù July 2025, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ lórí àwọn ike àlòsọnù bíi sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá wà l'Ékòó tó ṣì ń bu kúnù sínú fóòmù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá ènì.

Ìdáhùn kejì ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Bí àwọn kan náà bá ń padà wá, bíi níwájú ọ́fíìsì tàbí nínú ọgbà yunifásítì, ẹ lo ife oníbàárà pẹ̀lú ènì tàbí káàdì. Bí gbogbo èèyàn bá wà lójú kan tí wọn ò ní í tètè lọ, bíi gbọ̀ngàn àríyá, pápá ìṣeré tàbí ìpàgọ́ ìjọ, owó ìdógò ló dáa, ìyẹn owó tí oníbàárà ń fi sílẹ̀, tó máa gbà padà tó bá dá ife padà. Bó bá jẹ́ èrò mọ́tò ni gbogbo wọn, ẹ má fi káàdì dààmú ara yín. Ìgbésẹ̀ kejì nìkan ti tó yín.

## Ìgbésẹ̀ fún ẹni tó ń tajà lójoojúmọ́

1. Ẹ ṣírò ohun tí ife ń jẹ nínú èrè yín. Ká ní ife àti ìdérí jẹ́ ₦150, tí sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá jẹ́ ₦50. ₦200 ló ń bá oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ nìyẹn. Èrè yòówù tí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tó mú ife wá kò gbọ́dọ̀ ju ₦200 yẹn lọ. Ẹni tó bá fún wọn ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó òwò rẹ̀ ló ń jẹ.

2. Ẹ ya owó ife sọ́tọ̀ kúrò lára owó ohun mímu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦800 ni ẹ ń ta sóbò yín tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí sára pátákó:

Sóbò: ₦700
Ife: ₦100

Ẹni tí kò mú ife wá yóò san ₦800 tó ti ń san tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ gbówó lé ọjà. Ẹni tó mú ife wá yóò jèrè ₦100. Ẹ̀yin náà yóò jèrè ₦100 lórí ife tí ẹ kò fún un.

Ẹlòmíì á ní kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti kéèyàn yọ ₦100 fún ẹni tó mú ife wá. Nínú àpò, kò sí. Lójú oníbàárà, ó wà, ó sì pọ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Cardiff ní ilẹ̀ Wales dán ọ̀nà méjèèjì wò láwọn ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Ẹ̀dínwó fún ẹni tó mú ife wá kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí wọ́n bu owó lé ife àlòsọnù, ìlò ife àlòtúnlò lọ sókè ní ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti pín ife ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sára ògiri. Ènìyàn lè gbójú fo ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n fẹ́ ta á lọ́rẹ. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń dùn ún. Ilé-iṣẹ́ Pret A Manger tó ń ta kọfí ní Britain sọ ẹ̀dínwó tirẹ̀ di ìlọ́po méjì ní January 2018, láti pẹ́ńsì 25 sí 50. Ẹ̀dínwó ńlá nìyẹn. Ẹ̀yin tí èrè yín kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ lo ọ̀nà tí kò ná yín ní nǹkan kan.

3. Ẹ béèrè kí ẹ tó bù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń pàdánù. Ọmọ ìsọ̀ ti na ọwọ́ sí ife kí oníbàárà tó la ẹnu, tí oníbàárà náà bá sì wá rántí ife tó wà nínú báàgì, wọ́n ti bu sóbò tán. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ káàsán o, Mà. Ṣé ife yín wà lọ́wọ́, àbí kí n fi ti ìsọ̀ bù ú? Ọgọ́rùn-ún náírà ni ti ìsọ̀." Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ife títí wọn ó fi gbọ́ ìdáhùn. Tó bá jẹ́ "Ṣé ẹ fẹ́ ife?" ni wọ́n ń béèrè, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo ayé máa dáhùn.

Ẹ gbé ife àlòsọnù kúrò lórí tábìlì pẹ̀lú. Abẹ́ tábìlì ni ipò rẹ̀. Ohun tí ojú kò bá rí, ẹnu kì í tètè béèrè rẹ̀.

4. Ẹ yan èrè kan, ẹyọ kan péré. Mẹ́ta ló wà tó ń ṣiṣẹ́:

*Ènì.* Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Ẹni tó bá ti tajà rí mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ fẹ́ dá padà lè di ìjà tí kò bá sí owó kéékèèké nínú àpótí. Ṣíbí sóbò kan tí ẹ fi lé e kò bèèrè ṣéńjì, owó tó jẹ kò sì tó ti ife. Ẹ jẹ́ kó rí i: ẹ kọ́kọ́ bu ìwọ̀n rẹ̀ pé, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá sọ pé "ènì ife yín nìyí." Ènì tí ẹ dà pọ̀ mọ́ ojúlówó ọjà ti ṣòfò, oníbàárà kò mọ̀ pé òun gba nǹkan.

*Ẹ̀dínwó.* Ó dára fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń san owó pẹ̀lú tíráńsífà tàbí POS, níbi tí ṣéńjì kò ti sí lọ́rọ̀. Owó ife tí a yà sọ́tọ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ má tún fi ènì lé e.

*Káàdì.* Páálí kékeré bíi káàdì alájọ, tí ẹ ó máa tẹ òǹtẹ̀ sí nígbàkúùgbà tí ó bá mú ife wá. Tí ó bá pé mẹ́fà, ìkeje jẹ́ ọ̀fẹ́. Pẹ̀lú ìṣirò wa tẹ́lẹ̀, ife mẹ́fà tí ẹ kò fún un jẹ́ ₦1,200, ẹ sì mọ ohun tí sóbò kan ń ná yín láti sè. Ẹ má fi báírò sàmì sí i o. Àwọn ọmọ yunifásítì á bá yín parí káàdì yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ra òǹtẹ̀ kékeré, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó nìkan.

5. Ẹ fi ife òṣùwọ̀n bu ọjà. Ẹnì kan á gbé ife ńlá wá tó lè gba ìlọ́po méjì, kó ní kí ẹ bù ú kún. Ẹ ní ife òṣùwọ̀n kan ní ìsọ̀, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti máa dà á sínú ife oníbàárà. Ó parí àríyànjiyàn, ó sì dáàbò bo ìkòkò yín: ṣíbí ìbùjà yín tàbí ẹnu ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kan ife tí wọ́n gbé láti ilé wá.

6. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó ṣe sí ife tó dọ̀tí. Àgbàlagbà kan lè na ife tí tíì àná ṣì ń gbẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ sí yín. A kì í sọ fún un pé ife rẹ̀ dọ̀tí. "Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi omi gbígbóná ṣan ife yìí kó lè dùn ún mu" ti tó. Tó bá ti sán tàbí tó ń rùn, ẹ fi ti ìsọ̀ bù ú fún un lọ́jọ́ náà, ẹ má gba owó ife.

7. Ẹ ka ife, ẹ má ka oníbàárà. Ẹ kọ iye ife tó wà lórí ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti iye tó kù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ fi iye ohun mímu tí ẹ tà wé iye ife tó lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó mú ife wá. Ẹ kà á ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko *kí ẹ tó* bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní í mọ̀ bóyá nǹkan yí padà.

## Owó ìdógò: nígbà tí ife jẹ́ tiyín

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra kíréètì mínírà onígo rí mọ ètò yìí látilẹ̀wá: ìgò òfìfo lẹ ó gbé wá, tàbí kí ẹ fi owó ìgò sílẹ̀. Ife náà kò yàtọ̀.

1. Ẹ ra ife tó lágbára, tí kò rẹwà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ife tó dán, tó ní àwòrán, inú báàgì ló ń lọ. Ife ike kan tó nípọn, aláwọ̀ kan, tí ẹ kọ "Ẹ dá mi padà" sí lára, ilé ẹni kankan kò nílò rẹ̀. Fún tíì gbígbóná, ẹ lo irin tàbí tánńganran, kì í ṣe ike.
2. Ẹ fi owó ìdógò sí iye tí owó bébà ẹyọ kan lè san. ₦200, ₦500 tàbí ₦1,000. ₦350 yóò kó yín sí wàhálà ṣéńjì. Kó sún mọ́ iye tí ẹ ra ife: tí ife bá jẹ́ ₦600 tí ìdógò sì jẹ́ ₦200, ẹ ti ta ife yín ní ọ̀pọ̀ nìyẹn.
3. Ẹ kó owó ìdógò sínú àpótí tirẹ̀. Owó yín kọ́. Àpótí tó bá pa pọ̀ mọ́ owó ọjà ni kì í rí owó dá padà nírọ̀lẹ́.
4. Ẹ jẹ́ kí ibi ìdápadà yàtọ̀ sí ibi ìrajà, kí ó sì wà lọ́nà ẹnu ìloro. Ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò kò ní í tún tò sórí ìlà nítorí ₦200.
5. Ẹ dá owó padà lójú ẹsẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ife wá. Ẹ má béèrè rísíìtì. Àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ife lábẹ́ àga kiri láti gba owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, àwọn ni òṣìṣẹ́ tó dáa jù tí ẹ ní lọ́jọ́ náà.

Bí ìdógò ṣe lè kéré tó kó ṣì ṣiṣẹ́ kò ní iye kan pàtó. Ní ìlú Freiburg ní Jámánì, yúrò kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní November 2016, oníbàárà sì lè gba ife ní ìsọ̀ kan kó dá a padà sí òmíràn. Ní Aarhus ní Denmark, króònà 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní January 2024, ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá títì ló sì ń gba ife tó ń dá owó padà sínú káàdì. Ní Petaluma ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n dán ti ọ̀fẹ́ wò ní ọdún 2024: àwọn ilé oúnjẹ ìlú náà pín ife àlòtúnlò láìgba ìdógò kankan, àpótí ìdápadà sì wà káàkiri. Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà. Wọ́n pè é ní àṣeyọrí, ó sì dáa fún ìlú tó rí ilé-iṣẹ́ ńlá tó san owó ife. Ẹ̀yin tí ẹ fi owó ara yín ra ife, tí ìdajì rẹ̀ bá lọ, ẹ ti kógbá wọlé.

## Níbi òwàǹbẹ̀, ẹ má gba owó lọ́wọ́ àlejò

Kò sí bí ẹ ṣe máa gba ₦500 ìdógò lọ́wọ́ àǹtí ìyàwó kí ó tó mu omi. Ẹ̀gàn ìran ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àlejò ń retí níbi ìnáwó tó ju owó lọ, òun náà ni ẹ̀bùn ìrántí. Ẹ fi í ṣe ìdógò:

1. Ẹ yá ife lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni ní abọ́ àti àga. Ẹ kà á lójú wọn, kí ẹ sì kọ iye tí wọ́n máa gbà lórí èyí tó bá sọnù.
2. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ohun mímu kiri gbé ife kan fún àlejò kan. Ẹni tó bá tún fẹ́ mu, inú ife kan náà ni wọn ó rọ̀ ọ́ sí.
3. Ẹ gbé tábìlì ẹ̀bùn sẹ́bàá ibi ìdápadà ife. Ife wọlé, ẹ̀bùn jáde. Ẹni tó dá mẹ́ta padà láti orí tábìlì wọn kò ní í gba ẹ̀bùn mẹ́ta o, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ìṣáná tàbí súwíìtì kún tirẹ̀.
4. Ẹ bẹ alága àti atọ́kùn ètò (MC) kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́yìn oúnjẹ, àti kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìnáwó lórí olórin. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn ìyá àgbà àti àwọn àlejò pàtàkì, ẹ gbé ẹ̀bùn tiwọn lọ bá wọn níjòókòó, kí ẹ sì gbé ife kúrò níwájú wọn fúnra yín. Mo-gbọ́-mo-yà náà á dá ife padà, ẹ má bẹ̀rù. Òun gan-an ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀nà kejì: bó bá jẹ́ ife ni ẹ̀bùn tí ẹ fẹ́ pín, ẹ má dúró di ìparí. Ẹ fún wọn ní ife náà bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, kí ẹ máa rọ ohun mímu sínú rẹ̀ títí ìnáwó á fi parí. Ìfọ̀ kò sí, ìdápadà kò sí, owó ife àlòsọnù ti kúrò nínú ìnáwó. Ẹ kàn fọ wọn dáadáa kí ẹ tó pín wọn, nítorí inú páálí ọjà ni wọ́n ti wá.

## Ọ́fíìsì

Èyí kò gùn. Ẹ kó ife páálí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ife kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára, ẹ tọ́jú díẹ̀ fún àlejò lọ́wọ́ akọ̀wé. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe ìdíje láàárín ẹ̀ka ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ariwo rẹ̀ ń pẹ́. Ẹ kúkú fi owó ife tí ẹ kò rà mọ́ ra bisikíìtì fún tíì ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibẹ̀ ló ti wá.

## Fífọ ife: ẹ má ṣe eré níbí

Ní oṣù June 2024, kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó. Ẹni tí kò bá ní omi tó mọ́ kò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni ní ife. Kí ó dúró lórí ife tí oníbàárà gbé wá. Ẹ̀yin tí omi wà lọ́wọ́ yín:

1. Ẹ da ìyókù nù, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú kànrìnkàn tí ẹ ń lò fún ife nìkan.
2. Ẹ ṣàn án nínú omi mìíràn tó mọ́. Omi ìṣàn tó bá ti ń hó ọṣẹ, ẹ dà á nù.
3. Ẹ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ onírin, ẹ rì í sínú omi tó gbóná tó 77°C fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí omi gbígbóná, ẹ lo omi apakòkòrò bíi Jik tàbí Hypo ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.
4. Ẹ dojú wọn dé, kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. Aṣọ ìnuwọ́ tí ẹ fi nu ogún ife ti pín ìdọ̀tí ti àkọ́kọ́ dé ogún. Ẹ má sì to èyí tó tutù wọ inú ara wọn.

## Àṣìṣe tí mò ń rí jù

- Pípín ife ọ̀fẹ́ kí ètò kankan tó wà. Wọn á gbà á, wọn á dúpẹ́, wọn á fi bu omi ìwẹ̀ nílé.
- Gbígbé owó ọjà sókè lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí sóbò bá di ₦900 kí ẹ tó wá yọ ₦100 fún ẹni tó mú ife wá, wọ́n ti rí yín.
- Yíyọ owó ife fún ẹni tó pariwo jù. Àwọn tó tò lẹ́yìn rẹ̀ ń wò. Ọ̀la, gbogbo wọn á pariwo.
- Kíkọ ìwé gígùn nípa àyíká sára ògiri. Iye owó ni kí ẹ kọ, kó tóbi, kó ṣeé kà láti ẹ̀yìn ìlà.
- Èrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ìsọ̀ kò ní í rántí èyí tó kan ta.

## Bí oṣù kan bá kọjá tí ife àlòsọnù kò dín

Ẹ lọ dúró ní ìsọ̀ yín bí oníbàárà, tàbí kí ẹ rán ẹni tí wọn ò mọ̀, kí ó gbọ́ bóyá wọ́n ń béèrè ìbéèrè ìgbésẹ̀ kẹta. Nígbà púpọ̀, wọn ò béèrè é mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Bí wọ́n bá ń béèrè é, ẹ gbé owó ife láti ₦100 sí ₦150, kí ẹ sì gbé sóbò wálẹ̀ sí ₦650, kí àpapọ̀ rẹ̀ má kúrò ní ₦800. Níbi tí ₦50 bá ti ṣòro láti rí, ẹ fo ₦150, ẹ lọ sí ₦200 àti ₦600 tààrà. Ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Bí àwọn oníbàárà bá ní àwọn ń gbàgbé ife sílé, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ fi ìkọ́ díẹ̀ sára ògiri ìsọ̀, kí àwọn tó ń wá lójoojúmọ́ lè fi ife tiwọn kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lára. Ẹni tó bá ti fi ife sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kò ní í lọ ra sóbò níbòmíràn.